Ife ti dé: bí ìlú ṣe máa yan ibi tí wọ́n á ti ṣàjọyọ̀ họ́kì

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Chicago, ní Maryland, ní Toronto, àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì orí yìnyín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o, torí ìlú téèyàn ń gbé, tó ń san owó orí ńbẹ̀, tọ́mọ ẹ̀ ń wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ ibẹ̀ lọ síléèwé, ìlú ẹ̀ ni. Tí ẹgbẹ́ ìlú yín bá gba Stanley Cup, ife tó ga jù nínú họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà àti Canada, ọjọ́ díẹ̀ báyìí ló máa ń wà láàárín ìgbà tí wọ́n gbé ife sókè àti ìgbà tí gbogbo ayé máa ya bo ìgboro. Blackhawks ti Chicago gbà á ní Philadelphia ní June 9, 2010, nígbà tó fi máa di June 11 pàréèdì ti wà ní títì. Ní 2013 wọ́n gbà á ní Boston ní June 24, wọ́n jáde ní June 28. Ní 2015, June 15 sí June 18. Capitals ti Washington ní 2018, June 7 sí June 12. Àárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn lẹ ti máa wá ibi, lẹ ti máa dí ọ̀nà, lẹ ti máa kó ọlọ́pàá àti áḿbúláǹsì jọ, lẹ ti máa bá àwọn tréènì sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá ní kí ife dé ná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Mo ń kọ ọ́ fún ẹni tó bá wà nínú kọmitíì ìlú, tàbí tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn fáànù, tàbí tó kàn jẹ́ ará àdúgbò tó fẹ́ dìde nípàdé kó sọ tẹnu ẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ẹ̀ ò pọ̀: ibi tí èèyàn máa gbà jáde lẹ máa kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ tó wo bí ibẹ̀ ṣe lẹ́wà tó nínú fọ́tò. Gbogbo ibi tí àjọyọ̀ ti dojú rú tí mo mọ̀, wíwọlé ò fi bẹ́ẹ̀ le, jíjáde ló dìṣòro.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń gbá a

Àwọn fáànù họ́kì kì í fẹ́ kéèyàn dárúkọ pàréèdì kí ife tó wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eléré gan-an kì í fọwọ́ kan ife tí wọ́n ń fún wọn tí wọ́n bá borí ní ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ní ó lè ba tí Stanley Cup jẹ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, ẹ má pariwo. Àmọ́ tí ẹgbẹ́ yín bá ti wọ àṣekágbá, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ yege nígbà 4 nínú 7 ló ni ife, ẹ pe ìpàdé kékeré kan láìjẹ́ kó dé etí ìròyìn: ọlọ́pàá, panápaná, àwọn tó ni tréènì àti bọ́ọ̀sì, àwọn tó ń gbálẹ̀ ìlú, àwọn tó ń bójú tó pápá ìgbafẹ́, ẹni kan láti inú ẹgbẹ́ họ́kì náà. Tí wọn ò bá gba ife, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ pàdánù, àkọsílẹ̀ yẹn á wúlò lọ́dún míì.

Àjọyọ̀ méjì ló wà o, ẹ má pa wọ́n pọ̀

Àwọn ìlú kan máa ń gbàgbé pé àjọyọ̀ àkọ́kọ́ ò dúró de ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá fun fèrè ìparí, èèyàn á ya síta, bẹ́ ẹ pè wọ́n bẹ́ ẹ ò pè wọ́n. Torí náà ibi alẹ́ yẹn wà lọ́tọ̀, ibi ọjọ́ pàréèdì náà wà lọ́tọ̀, ti alẹ́ yẹn ló sì léwu jù torí ilẹ̀ ti ṣú, ọtí ti wọra, kò sì sẹ́ni tó mọ iye èèyàn tó ń bọ̀.

Ẹ wo Vancouver. June 15, 2011, Canucks ń gbá ìdíje keje pẹ̀lú Boston nílé wọn, ìlú gbé sìkíríìnì ńlá sójú títì Georgia kí àwọn tí ò ní tíkẹ́ẹ̀tì lè wò ó níta. Èrò tó dáa ni. Àmọ́ ibi kan ṣoṣo ni wọ́n pe gbogbo ayé sí, ìwé ìwádìí tí John Furlong àti Douglas Keefe kọ lẹ́yìn náà sọ pé nǹkan bí 155,000 èèyàn ló wọ àárín ìlú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ibi tí wọ́n ṣètò ò gba ìdá kékeré nínú wọn, àwọn èèyàn gbé ọtí wọlé, wọ́n kún débi pé kò síbi téèyàn lè yà sí. Mọ́tò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò wọ́ kúrò. Boston na Vancouver 4-0, kí ilẹ̀ tó mọ́ mọ́tò ti jó, wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù, nǹkan bí 300 èèyàn ló sì padà fojú ba kóòtù lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹnì kan lè ní ṣebí wọ́n fìdí rẹmi ni, ìbínú ni. Rárá o. Montreal ní June 9, 1993, wọ́n gbà á ni, Canadiens na Los Angeles, ayọ̀ ni wọ́n ń yọ̀, síbẹ̀ wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù ní títì Saint Catherine. Èrò tó ti há mọ́ ojú kan, ayọ̀ àti ìbínú ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra mọ́.

Ìlú Vancouver yìí kan náà, ní nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlógún ṣáájú ìgbà yẹn, February 28, 2010, Sidney Crosby gbá góòlù tí Canada fi na Amẹ́ríkà nínú àṣekágbá Olympics, wọ́n ti dí títì Granville àti Robson fún mọ́tò láti ọjọ́ mélòó kan, èèyàn ń rìn lọ rìn bọ̀, ibi ìwòran pọ̀ káàkiri ìlú, alẹ́ yẹn sì lọ wẹ́rẹ́. Ìyàtọ̀ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ti 2010 ń ṣàn, àwọn èèyàn ń gba títì kan bọ́ sí òmíràn, ti 2011 dúró gbagidi sójú kan.

Torí náà fún alẹ́ yẹn, ẹ má ṣe ibi kan, ẹ ṣe mẹ́ta mẹ́rin tó jìnnà síra, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó pọ̀. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ yẹn kẹ́ ẹ ti wọ́ gbogbo mọ́tò kúrò ní àwọn títì tẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n máa kún. Kẹ́ ẹ kó gbogbo garawa onírin, búlọ́ọ̀kù, igi àwọn tó ń kọ́lé, gbogbo nǹkan téèyàn lè gbé sọ. Ẹ bá àwọn onílé ọtí sọ̀rọ̀ kí wọ́n lo ife oníke dípò ìgò. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọlọ́pàá pé kí wọ́n má yin ìbọn tí ọta ẹ̀ ní ata nínú sáàárín èrò, torí lóṣù October 2004 ní Boston, lóru ọjọ́ tí Red Sox na Yankees, irú ọta bẹ́ẹ̀ ló pa ọmọ iléèwé gíga kan tó kàn dúró sí tòsí pápá Fenway, ọmọ ọdún 21 péré. Béèsìbọ́ọ̀lù nìyẹn, àmọ́ títì tóóró yẹn náà ni àwọn fáànù họ́kì máa ń dúró sí.

Tó bá jẹ́ ìta ni ẹgbẹ́ yín ti ń gbá a, ohun tí Washington ṣe ní 2018 ni kẹ́ ẹ ṣe. Las Vegas ni Capitals ti gba ife, àmọ́ wọ́n ṣí gbọ̀ngàn wọn nílé sílẹ̀, àwọn èèyàn jókòó sórí àga wò ó lórí sìkíríìnì, àwọn míì wà níta níwájú National Portrait Gallery tó wà lódìkejì títì, ibùdókọ̀ tréènì Gallery Place sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ti kà, àga tí wọ́n ti kà, ẹ̀ṣọ́ tó mọ iṣẹ́. Fún alẹ́ ìwòran, kò síbi tó dára tó o. Ọ̀rọ̀ tréènì gan-an, nígbà tí wọ́n ń gbá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá lọ́dún yẹn, orílẹ̀-èdè Qatar ló sanwó kí Metro tó lè ṣiṣẹ́ wákàtí kan sí i lóru, torí kò sẹ́ni tó ti ṣètò owó ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di pé àlejò ló máa sanwó tí àwọn ọmọ ìlú fi máa délé, ẹ kọ owó wákàtí méjì tréènì sínú ìnáwó yín látìbẹ̀rẹ̀.

Chicago ti dán ibi mẹ́ta wò

Ó kan ọjọ́ pàréèdì wàyí. Mi ò rí ìlú téèyàn lè kẹ́kọ̀ọ́ lára ẹ̀ bíi Chicago, torí nígbà mẹ́ta tí wọ́n gba ife láàárín ọdún mẹ́fà, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣe é.

Ní 2010, ìkòríta ni, Michigan Avenue àti Wacker Drive. Ọdún 49 ni wọ́n ti ń dúró, láti 1961, inú àwọn èèyàn dùn débi pé kò ṣeé ṣàlàyé. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ló gbé àwọn eléré gba àárín ìlú, bébà ń fò láti òkè bí òjò, ilé gogoro ní ọ̀tún, ilé gogoro ní òsì, ó lẹ́wà lójú gan-an, fọ́tò ibẹ̀ ò láfiwé. Àmọ́ ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa: odò ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilé ló dí ẹ̀gbẹ́ tó kù, afárá ló máa gbé ẹni tó bá fẹ́ lọ sí àríwá, ẹni tó bá wà lẹ́yìn pátápátá ò rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn orí èèyàn lọ. Ìkòríta dáa kí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá, kò dáa kí wọ́n dúró níbẹ̀.

Ní 2013, lẹ́yìn tí Bryan Bickell àti Dave Bolland gbá góòlù méjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 17, wọ́n gbé e lọ sí Grant Park, pápá tí wọ́n ń pè ní Hutchinson Field, ibi tí Obama ti bá ayé sọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ tó wọlé ní November 2008. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó gbowó, ọlọ́mọ gbé ọmọ ẹ̀ sí èjìká, arúgbó jókòó sórí koríko. Ibẹ̀ ni mo fara mọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tréènì Roosevelt àti Harrison ò jìnnà, ti Metra náà wà ní Van Buren, èèyàn lè wọlé láti àríwá, láti gúúsù, láti ìwọ̀-oòrùn. Ohun kan ló yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ níbẹ̀, ojú irin Metra ló gba àárín kọjá, ẹni tó bá ń bọ̀ láti Michigan Avenue gbọ́dọ̀ gba orí afárá kó tó dé pápá, torí náà orí àwọn afárá yẹn ni kí ọlọ́pàá pọ̀ sí, kí wọ́n fi àwọn kan ṣe ti wíwọlé nìkan, kí wọ́n fi àwọn kan ṣe ti jíjáde nìkan.

Ní 2015, òjò ti rọ̀ débi pé ilẹ̀ pápá ti rọ̀ jọ̀jọ̀, wọ́n bá gbé e lọ sí Soldier Field, pápá ìṣeré tó gba nǹkan bí 61,500. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti tán, kò pẹ́ tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí wọ́n gbà lọ́fẹ́. Èyí dùn mí. Ọmọ tí òbí ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, tí kò ní kọ̀ǹpútà níwájú ẹ̀ láago yẹn, kò wọlé. Mo mọ̀ pé àwọn tó ṣètò ẹ̀ ò ní ibòmíì, ẹrọ̀fọ̀ ò ṣeé kó èèyàn sí, ṣùgbọ́n tó bá di dandan kẹ́ ẹ lo pápá ìṣeré, ẹ má gbé gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pín in fún iléèwé, fún láíbìrì àdúgbò, fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọdé tó ń kọ́ họ́kì, kí orúkọ wà lórí ẹ̀ kó má ṣeé tà.

Ẹ wọn ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀

Wọ́n máa ń sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 2 ló jáde. Wọ́n sọ ọ́ fún Chicago ní 2010, wọ́n tún sọ ọ́ ní 2013. Ẹ má fi irú iye yẹn ṣètò, ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é rèé. Ẹ mú ibi tó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní fífẹ̀, èèyàn 2 níbẹ̀ rọrùn, wọ́n lè yí, wọ́n lè tẹ̀ gbé ọmọ. Tó bá di 4 ó ti ń fún. Tó bá kọjá 5, èèyàn ò lè darí ara ẹ̀ mọ́, ibi tí èrò bá tì í sí ló máa lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Torí náà pápá tó jẹ́ mítà 200 sí 100, èyí tó jẹ́ 20,000, èèyàn 40,000 ni kẹ́ ẹ fọkàn sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ibi tí pèpéle wà, ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà, àti ọ̀nà áḿbúláǹsì.

Ẹ wá wo títì. Tí pàréèdì bá gba kìlómítà 5, tí èèyàn dúró ní ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n tò tó mítà 4 sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, irú ibi mítà kan sí mítà kan yẹn 40,000 nìyẹn, èèyàn 80,000 á dúró níbẹ̀ láìfún ara wọn. Ẹ rí i pé títì gígùn ń gba èèyàn ju pápá ńlá lọ. Torí bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé ẹ jẹ́ kí pàréèdì gùn, kí ọ̀rọ̀ sísọ lórí pèpéle kúrú, kí ẹni tó bá ti rí ife tó kọjá níwájú ẹ̀ gbà pé òun ti ṣe àjọyọ̀ tòun, kó máa lọ sílé.

Boston ló mọ èyí ṣe jù. Títì wọn ò fẹ̀, ìlú àtijọ́ ni. Wọ́n á kó àwọn eléré sínú duck boat, àwọn ọkọ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó tún ń wọ odò, irú èyí tí wọ́n lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n á máa yí lọ láti TD Garden, gbọ̀ngàn wọn, gba àárín ìlú kọjá títí dé àdúgbò Copley. Kò sí pé gbogbo ayé ń wọ́ jọ síbì kan láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí Bruins ṣe ṣe é nìyẹn ní June 18, 2011, ọjọ́ Sátidé. Tí ìlú yín bá jẹ́ ìlú tóóró, ẹ ṣe ti Boston, ẹ má janpata.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Toronto

Ní Toronto ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, torí Maple Leafs ò tíì gba ife láti 1967, ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á ilẹ̀ á mì. Wọ́n sì ti rí àpẹẹrẹ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ní June 2019, Raptors tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, tí Masai Ujiri ọmọ wa tó dàgbà sí Zaria jẹ́ olórí wọn nígbà náà, gba ife, nígbà tó di June 17 wọ́n ní kí pàréèdì ti Exhibition Place bọ̀ wá sí Nathan Phillips Square níwájú ilé ìjọba ìlú. Àwọn kan ti sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kó tó di ọ̀sán ibẹ̀ ti kún, èrò ti wọ ojú títì, bárìkéèdì ò tó, bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn eléré ń fà bí ìgbín, wọ́n pẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó dé. Nígbà tí ayẹyẹ wá ń lọ, ẹnì kan yìnbọn, èèyàn 4 fara gbọgbẹ́, àwọn tó kù sá, ọmọ bọ́ lọ́wọ́ òbí. Mo ṣì ń dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níwájú ilé ìjọba dára fún ìyá àti baba tó fẹ́ ya fọ́tò, kò fẹ̀ tó fún ife ọdún gbọọrọ. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, màá ní kí pàréèdì gba títì University tó fẹ̀ dáadáa, bárìkéèdì onírin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí pèpéle wà ní Downsview tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ṣì ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Ibẹ̀ ni Póòpù ti ṣe ìsìn fún àwọn ọ̀dọ́ ní 2002, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe eré orin ńlá ní July 2003 lẹ́yìn àrùn SARS, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá, ibùdókọ̀ tréènì sì ti wà níbẹ̀ láti ìparí 2017. Ó jìnnà sí àárín ìlú, òótọ́ ni, àmọ́ kí nǹkan jìnnà díẹ̀ kí gbogbo wa padà sílé láyọ̀.

Gbọ̀ngàn, ibi ìgbọ́kọ̀sí, odò, etí òkun

New Jersey Devils gba ife ní 1995, 2000 àti 2003, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn wọn ní Meadowlands ni wọ́n ti ṣàjọyọ̀ ẹ̀ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò bú wọn, gbọ̀ngàn yẹn ò sí nínú ìlú kankan tó ní ìgboro, ilẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹni tó ní mọ́tò ló ni ín. Ọmọ tó ń wọ bọ́ọ̀sì, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kò rọrùn fún wọn láti débẹ̀. Láti 2007 Newark ni Devils wà, gbọ̀ngàn wọn ò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ tréènì ńlá, torí náà tí wọ́n bá tún gbà á, títì Broad Street ti Newark àti Military Park ló yẹ, kí àwọn ará ìlú yẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ èèyàn dúdú rí i pé ife tàwọn ni. Bákan náà ni mi ò fẹ́ ohun tí Los Angeles Kings ṣe ní 2012 àti 2014, pàréèdì ní títì Figueroa dára, àmọ́ inú gbọ̀ngàn ni wọ́n parí ẹ̀ sí, àwọn tó ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ọdọọdún ló wọlé.

Florida Panthers mọ̀ ọ́n ṣe. Sunrise ni gbọ̀ngàn wọn wà, lápá ibi tí irà Everglades ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n gba ife ní 2024 tí wọ́n tún gbà á ní 2025, etí òkun Fort Lauderdale ni wọ́n lọ, ibi tí gbogbo ará agbègbè yẹn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ làwọn ti ń gbafẹ́. Òjò rọ̀ lé wọn lórí ní 2024, wọn ò kúrò. Tampa náà lo odò wọn, wọ́n kó àwọn eléré sínú ọkọ̀ ojú omi lórí Hillsborough River ní 2020 àti 2021, èèyàn dúró ní etí odò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì bọ́gbọ́n mu gan-an ní 2020 tí kòrónà ṣì wà nílẹ̀ torí ó jẹ́ kí èrò tàn káàkiri. Las Vegas ní 2023, aago méje ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ nítorí oòrùn aṣálẹ̀. St. Louis ní 2019, ọdún 52 ni wọ́n ti ń retí ife àkọ́kọ́, wọ́n gba títì Market lọ sábẹ́ Gateway Arch, ilẹ̀ gbalasa létí odò Mississippi, àwọn eléré sọ̀ kalẹ̀ bá àwọn èèyàn rìn, ọjọ́ Sátidé ni, gbogbo ẹbí ló wá. Tí mo bá ní kí ìlú kan tó mọ níwọ̀n wá àwòkọ́ṣe, St. Louis ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn náà ṣe pàtàkì. Ọjọ́ iṣẹ́ máa jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀, tréènì á ti wà bó ṣe yẹ, àmọ́ ọmọ iléèwé á pa iléèwé jẹ. Sátidé ni mo fẹ́ràn, tí àwọn tréènì bá lè gbà láti ṣiṣẹ́ bíi ti Monday.

Ohun tí wọ́n máa gùn

Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá yàn, ẹ rìn ín ká kẹ́ ẹ wo ohun tí ọ̀dọ́ máa gùn. Ní Helsinki, nígbàkigbà tí Finland bá gba ife àgbáyé họ́kì, bíi ti 1995 tí wọ́n na Sweden nílùú Stockholm, ọjà Kauppatori ni ẹsẹ̀ máa ń gbé àwọn èèyàn lọ, ọ̀pọ̀ á kó sínú omi tó yí ère Havis Amanda ká, àwọn míì á gun ère náà. Láti 1908 ni ère yẹn ti wà níbẹ̀, ìgùngùn yẹn ti bà á jẹ́ débi pé wọ́n ní láti gbé e kúrò ní 2023 lọ tún ṣe. Kò burú kí ìlú ní ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé èèyàn lọ, kódà ẹ̀bùn ni, ẹ má gbìyànjú láti lé wọn lọ síbòmíì torí wọn ò ní gbọ́, ẹ fi ògiri onígi yí ohun iyebíye ká, kẹ́ ẹ ti omi pa. Ẹ yọ gbogbo òrùlé ibùdókọ̀ tí ò lágbára tàbí kẹ́ ẹ fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àdúgbò tí gbọ̀ngàn wà. United Center wà ní West Side Chicago, òun làwọn ará ibẹ̀ ń rí lójoojúmọ́, ariwo mọ́tò lálẹ́ ìdíje, àwọn náà ni. Ẹ jẹ́ kí pàréèdì ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ sí àárín ìlú, kẹ́ ẹ sì fún àwọn ọmọ àdúgbò yẹn láàyè níwájú. Àwọn ọmọ tiwa náà ń wò o, Akim Aliu tí wọ́n bí ní Okene, Blackhawks ni ẹgbẹ́ tó yàn án ní 2007.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kó ọmọ lọ

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá ọmọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kú tí èrò bá pọ̀, torí náà ẹ fẹnu kò lórí ibi tẹ́ ẹ máa pàdé tẹ́ ẹ bá sọ ara yín nù, kó jẹ́ ibi tí ò lè ṣí kúrò tí ọmọ náà sì lè júwe, bíi àwọn kìnnìún méjì tó wà níwájú Art Institute ní Michigan Avenue tí wọ́n máa ń dé ní akoto Blackhawks lásìkò ife. Ẹ wọ ọkọ̀ ní ibùdó tó ṣáájú èyí tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, kẹ́ ẹ rin èyí tó kù, nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń padà, ẹ rìn kọjá ibùdó àkọ́kọ́ lọ sí ìkejì. Ẹ má dúró sáàárín, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ wà, lápá ibi tẹ́ ẹ ti rí ọ̀nà jíjáde. Ẹ mú omi, ẹ̀wù òjò, oúnjẹ díẹ̀ dání. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọnú èrò.

Ẹ̀yin kọmitíì, ẹ má pa orin tí àwọn eléré bá ti lọ, ẹ jẹ́ kó máa dún fún bíi wákàtí kan sí i, kí wọ́n máa fi góòlù ọdún náà hàn lórí sìkíríìnì, káwọn tí ò kánjú lè dúró kí tréènì sì máa kó àwọn tó kù díẹ̀díẹ̀. Òbí tó bá kó ọmọ kékeré wá, tí kápútéènì bá ti gbé ife sókè lórí pèpéle tí ọmọ sì ti rí i, ẹ máa bọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ tó kù máa wà lórí tẹlifíṣọ̀n.